Iná Tó Ní Òun Ti Pa

Ìyá Oníwáyà, bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin oníṣẹ́ iná yìí, ti sọ ọ́ títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ò gbé e mọ́, kò lè máa gbé omi gbígbóná láti ilé ìdáná wá sí balùwẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná ni wọ́n fẹ́ kọ́ sára ògiri níbẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ yẹn gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀, èyí tó nípọn, tí yóò wá tààrà láti ìdí mítà. Kí wáyà gílóòbù dá wà. Kí súwíìsì sì wà níta, níbi tí ọwọ́ olómi ò ti ní kàn án. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà gbogbo rẹ̀ sára ògiri.

Kó tó padà dé lọ́jọ́ kejì, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá wọn, ti fa wáyà ẹ̀rọ náà láti ara wáyà gílóòbù tín-ín-rín. Ẹnu wáyà náà yọ síta lára ògiri, níhòòhò. Ó ní ṣebí iná kan náà ni. Àwọn kan wà, ọ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n fi etí ṣe. Inú bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an. Ó ní kó lọ pa iná, kí òun tú ìranù yẹn. Ó lọ, ó dé, ó ní òun ti pa á. Lóòótọ́, gílóòbù ò tàn mọ́.

Ìyá wọn jókòó sórí àpótí nínú balùwẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má jà. Bó ṣe fẹ́ dìde, ó na ọwọ́ sí ògiri kó lè fi gbé ara ró, ìka rẹ̀ sì ń lọ sí ẹnu wáyà. Ìyá Oníwáyà kì í gba wáyà tí kò bá tíì yẹ̀ wò gbọ́. Ó gbá ọwọ́ náà dànù, pàá.

Ọmọ na ìyá rẹ̀. Àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ó ní ṣé orí rẹ̀ ti yí ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi tẹ́sítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wò kan ẹnu wáyà, iná pupa kékeré sì tàn lára rẹ̀.

“Ẹ ní kí n pa iná, mo sì pa á.”

“Súwíìsì gílóòbù lo pa, iná ṣì wà nínú wáyà. Ó kù díẹ̀ kó o pa ìyá wa.”

Ó lọ yọ fíúùsì nídìí mítà, ó sì fi sínú àpò rẹ̀. Nígbà tó padà, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó ń fi ìbínú sunkún.

“Dìde,” ni ìyá náà wí. Ó wá yíjú sí ọmọkùnrin rẹ̀. “Ìwọ ni kó o kúnlẹ̀ fún un.”

Ó kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tú wáyà lọ, kò sì ní kó dìde.