Abọ́ Múùsù Tíṣà Kaufman

Bẹ́ ẹ bá dé ilé àwọn àgbà wa ní Kansas níbí, kẹ́ ẹ tó rí Verda Stucky lẹ máa ti gbọ́ ohùn ẹ̀. Òun lolórí gbogbo àwa tá à ń fún àwọn àgbà lóògùn, tá à ń wẹ̀ wọ́n, tá à ń wọṣọ fún wọn. Obìnrin gíga, ọmọ àgbẹ̀ àlìkámà, tí kì í rìn jẹ́ẹ́jẹ́. Á bú ẹ láàárọ̀, á bu búrẹ́dì tó gbé wá látilé fún ẹ lọ́sàn-án.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí kì í fi ṣeré rárá. Á ní: "Ẹ ò gbọdọ̀ fi oògùn pamọ́ sínú oúnjẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ pe orúkọ ẹ̀, ẹ sọ oògùn tó jẹ́ fún un, kẹ́ ẹ sì dúró. Tó bá ní òun ò lò, ó parí nìyẹn. Ẹ lọ sọ fún nọ́ọ̀sì." Àmọ́ nǹkan kan tún wà tó fi ń yangàn, pé kò sẹ́ni tó ń kọ oògùn lọ́wọ́ òun. Nọ́ọ̀sì Lorene á máa yìn ín lójú gbogbo wa, á ní ká lọ kọ́ṣẹ́ lára Verda. Verda á ṣe bí ẹni tí ò gbọ́, bẹ́ẹ̀ inú ẹ̀ ń dùn kọjá ààlà. Ó máa ń bí mi nínú, kí n má parọ́.

Elbert Kaufman, Tíṣà la ń pè é, wà lára àwọn àgbà tó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Òun ló kọ́ ìdajì ìlú yìí níwèé àti orin, ó kọ́ Verda gan-an. Ọkàn ẹ̀ ò lágbára mọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì máa ń wú, ìdí nìyẹn tó fi ń lo oògùn tó ń mú kéèyàn tọ omi ara dànù. Àmọ́ orí ẹ̀ pé pérépéré. Òun ló ń gbàdúrà sóúnjẹ wa. Àwọn èèyàn wa kì í fọwọ́ kan síbí kí wọ́n tó dúpẹ́, ebi ì báà máa pa wọ́n kú lọ.

Lọ́jọ́ Sunday kan, àwọn tí Tíṣà kọ́ níléèwé fẹ́ wá bá a kọrin. Mò ń wọ bàtà fún bàbá tóun àti Tíṣà jọ ń gbé yàrá nígbà tí Verda ti kẹ̀kẹ́ oògùn dé.

"Tíṣà, ẹ káàárọ̀ sà. Oògùn ẹsẹ̀ wíwú yín rèé."

"Mi ò lò ó láàárọ̀ yìí, Verda. Tó bá dọ̀sán, màá lò ó."

"Ẹ tiẹ̀ wo ẹsẹ̀ yín, Tíṣà! Ó ti wú o."

"Ṣé ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ fi kọrin ni?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Verda náà rẹ́rìn-ín, ó jáde. Èmi rò pé ọ̀dọ̀ Lorene ló lọ. Kí ló le níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Lorene máa sọ, wọ́n á sì sún oògùn náà sí ọ̀sán. Àṣé ilé ìdáná lobìnrin yìí gbà lọ. Ó lọ oògùn náà kúnná, ó pò ó mọ́ múùsù, ọbẹ̀ èso tútù tó dùn tí Tíṣà kì í rí kó má jẹ. Ó gbé e wá tẹ̀ríntẹ̀rín. Tíṣà jẹ ẹ́ tán, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Àwọn ọmọ iléèwé náà dé, irun ti funfun lórí àwọn náà, wọ́n kún yàrá ìjọsìn wa. Tíṣà fi ọwọ́ kan di ọ̀pá onírin ẹ̀ mú, ó gbé ìkejì sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Háà, orin ọ̀hún dùn! Ibi tí wọ́n ti ń kọ èkejì ni ọwọ́ ẹ̀ dúró lójijì. Mo wò ó sàn-án, mo rí ṣòkòtò ẹ̀. Ìtọ̀ ti rin ṣòkòtò aláwọ̀ eérú tó ṣà fún ọjọ́ náà láti itan dé bàtà. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò tètè rí i, wọ́n ṣì ń kọrin lọ. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ọkùnrin kan bọ́ kóòtù ẹ̀, ó fi bò ó níbàdí.

Mo mú un lọ sí yàrá, mo pààrọ̀ aṣọ fún un. Kò wo ojú mi rárá. Ó wá ní: "Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi báyìí rí, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdí tí mo fi ní mi ò lò ó nìyẹn. Ta ló fún mi?"

Verda ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú ẹ̀ pọ́n kuku. "Èmi ni, sà. Inú múùsù ni mo fi í sí."

"Mo sọ fún ẹ pé mi ò lò ó."

"Ẹ sọ ọ́, sà."

"O gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Ẹ̀yin èèyàn, bí ilẹ̀ bá lanu nígbà yẹn, Verda ì bá wọnú ẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án, gbogbo wa jókòó ní yàrá ìjẹun, à ń retí àdúrà. Tíṣà káwọ́ sórí itan, kò bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Màmá Orpha, tí ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́, pariwo: "Elbert, ọbẹ̀ ń tutù! Ṣé kí n kú sórí àga yìí ni?"

Tíṣà ní: "Kí ẹlòmíì gbà á. Mi ò lè dúpẹ́ fún oúnjẹ tí mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀."

Kò sẹ́ni tó gbà á. Tíṣà ti abọ́ ẹ̀ sẹ́yìn. Kò jẹun ọ̀sán, kò jẹ talẹ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, omi ẹ̀rọ tó fọwọ́ ara ẹ̀ bù nìkan ló mu. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò dáa! Ẹ̀rù bà wá pé ebi máa pa á kú mọ́ wa lọ́wọ́. Verda fúnra ẹ̀ ti lọ jẹ́wọ́ fún Lorene, Lorene sì ti gba kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́ oògùn lọ́wọ́ ẹ̀.

Inú yàrá tá à ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí ni mo bá a, ó ń sunkún. "Torí kí Lorene má bàa gbọ́ pé ẹnì kan kọ oògùn lọ́wọ́ mi ni. Torí ìyẹn nìkan. Ojú ń tì mí, mi ò mọ ibi tí mo máa fojú sí."

Inú ń bí mi, mi ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo ní: "Ṣé èmi lo ṣẹ̀ ni? Ojú gbogbo ayé lo ti dójú ti bàbá yẹn. Ojú gbogbo ayé ni kó o ti lọ bẹ̀ ẹ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wọ yàrá ìjẹun, kò wọ aṣọ iṣẹ́. Ó dúró sáàárín. Ohùn tí gbogbo wa ń bẹ̀rù yẹn, díẹ̀ báyìí ló kù kó má jáde.

"Tíṣà, ẹ ní ẹ ò lò ó, mo sì tàn yín jẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá, ẹ̀bi yín kọ́, ara yín kọ́. Èmi ni mo fà á. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dárí jì mí."

Tíṣà wò ó títí.

"Mo ti dárí jì ẹ́. Jókòó, Verda."

Ó wá gbàdúrà. Ó dúpẹ́ fún oúnjẹ, ó dúpẹ́ fún ọwọ́ tó sè é, ó dárúkọ Verda mọ́ ọn. Gbogbo ilé gbé síbí, òun náà jẹun. Omijé bọ́ lójú mi sínú ọbẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n dá kẹ̀kẹ́ oògùn padà fún Verda. Tíṣà kì í parọ́, tó bá ní òun ti dárí jini, ó ti dárí jini nìyẹn. Àmọ́ títí dòní, tí èmi bá gbé oúnjẹ fún un, á kàn jẹ ẹ́ ni. Tó bá jẹ́ Verda ló gbé e wá, á kí i, á béèrè àwọn ọmọ ẹ̀, á wá fi síbí ro ìsàlẹ̀ abọ́ náà díẹ̀díẹ̀, á máa wo inú ẹ̀. Mi ò rò pé ó mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Verda á dúró síbẹ̀, kò ní gbójú kúrò, títí Tíṣà á fi wò ó tán.