Ilẹ̀kùn Mọ́ṣúdù Nínú Oko Ẹ̀gẹ́

Mọ́ṣúdù gbẹ́nàgbẹ́nà kì í wo fíìmù. Ẹ̀yìn Ọjà Ọba ní Òṣogbo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, níbi tí baba rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ kó tó kú. Ẹni tó bá wá a lọ láàárọ̀ yóò bá a níbi tó ti ń fá pákó, pẹ́ńsùlù létí, ojú kíkorò, kò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ títí oòrùn yóò fi gòkè. Àpìkẹ́ ìyàwó rẹ̀, ìyá Kàdíjátù ọmọ wọn, tó ń ta ìṣó àti àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, ló máa ń gba àlejò sílẹ̀ fún un. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ ni, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fíìmù kan fi sú u ju bó ṣe lè sú ẹlòmíràn lọ.

Ọmọbìnrin Iléṣà kan ló dá a sílẹ̀. Ìbùkúnolúwa lorúkọ rẹ̀, ó máa ń ya fíìmù kéékèèké tí kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, á sì gbé wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù pé òun fẹ́ ilẹ̀kùn kan pẹ̀lú férémù rẹ̀. Mọ́ṣúdù bi í bí ògiri tí wọ́n fẹ́ fi sí ṣe nípọn tó.

"Kò sí ògiri, Bàbá."

"Níbo lo wá fẹ́ fi ilẹ̀kùn sí?"

"Inú oko ni."

Mọ́ṣúdù gbé ojú sókè, ó wo Àpìkẹ́. Àpìkẹ́ ní kó ṣe é fún ọmọ ọlọ́mọ, ó jọ ẹni tó mọ ohun tó ń wá. Ó ṣe é. Igi afàrà ló lò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ya fíìmù náà, ọkùnrin tó yẹ kó gbé ilẹ̀kùn ránṣẹ́ pé ara òun ò yá. Mọ́ṣúdù ti gbé e sẹ́yìn láti fi sínú mọ́tò nígbà náà. Ìbùkúnolúwa wò ó, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má wo kámẹ́rà o." Bó ṣe di òṣèré nìyẹn. Ó gbé ilẹ̀kùn la àárín Ọjà Ọba kọjá, àwọn alábàárù ń yà fún un. Mọ́tò gbé wọn dé Ìdó-Ọ̀ṣun, ó gbé e wọ oko ẹ̀gẹ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Zulkifli, ó gbẹ́lẹ̀, ó rì í mọ́lẹ̀. Ó kanlẹ̀kùn, ó ṣí i, ó wọlé. Wọ́n pa kámẹ́rà. Ìbùkúnolúwa fa omi nínú kànga Zulkifli, ó dà á lé e lórí títí aṣọ rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ ọn lára. Wọ́n tan kámẹ́rà padà, Mọ́ṣúdù sì jáde sí ìhà kejì, omi ń kán lára rẹ̀ nínú oòrùn tó mú ganrínganrín. Ibẹ̀ ni fíìmù náà parí sí. Ẹnikẹ́ni ò la ẹnu sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Mọ́ṣúdù fi ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ síbẹ̀, ó lọ sílé, ó pààrọ̀ aṣọ, ó gbàgbé gbogbo ẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n gbé fíìmù náà jáde tí ọkùnrin kan wá gba kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kí wọ́n ṣe fún òun. Kò wo kọ́bọ́ọ̀dù náà rárá. Ojú Mọ́ṣúdù ló ń wò.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ wọ inú ilẹ̀kùn yẹn?"

"Èmi ni."

"Kí lẹ rí níbẹ̀?"

"Ẹ̀gẹ́."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń fi nǹkan pa mọ́ fún. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ ò ní sọ ọ́." Ó gbé kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ṣọ́ọ̀bù Mọ́ṣúdù kò ti ṣófo mọ́. Àwọn obìnrin ọjà sọ pé odò Ọ̀ṣun ló ṣí sílẹ̀ fún un. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan wá sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé àwọn ti mọ ẹni tó ń bá wí, kó máa ṣọ́ra. Kápẹ́ńtà ẹgbẹ́ rẹ̀ kan láti òdìkejì ọjà ní ìpolówó ọjà lásán ni, ó sì ń bínú pé wọn ò pe òun sí i. Mọ́ṣúdù á gbé ayùn lé pákó, ẹlòmíràn á tún ti dé. Iṣẹ́ ò lọ. Ó gé ẹsẹ̀ tábìlì kan kúrú ju ìyókù lọ nítorí pé ẹnì kan ń ṣàlàyé ilẹ̀kùn fún un nígbà tó ń gé e.

Àáfà Mukhtar, tó ń ṣáájú ìrun ní mọ́sáláṣí àdúgbò, wá bá a fúnra rẹ̀.

"Mọ́ṣúdù, mo mọ̀ ẹ́ láti kékeré. Àwọn kan ń sọ pé o lọ wẹ omi kan nínú oko."

"Omi kànga ni, Àáfà."

"Kànga ta ni?"

"Ti Zulkifli, ní Ìdó-Ọ̀ṣun. Mùsùlùmí ni. Wọ́n dà á lé mi lórí kí n lè tutù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Àáfà fọwọ́ fa irùngbọ̀n, ó ronú lọ títí. Ó ní, "Ìyẹn ni pé àlùwàlá ni fíìmù yẹn ń sọ. Èèyàn ò gbọdọ̀ wọlé pẹ̀lú ìdọ̀tí, kó sì jáde pẹ̀lú ìdọ̀tí. Ó dára gan-an." Mọ́ṣúdù fẹ́ sọ pé rárá, ṣùgbọ́n Àáfà ti dìde. Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, ó gbọ́ ọ létí ara rẹ̀ tí Àáfà ń ṣàlàyé àlùwàlá inú fíìmù fáwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí. Ó gba ẹ̀yìn lọ sílé.

Àpìkẹ́ ní tirẹ̀ kò bínú. Ó máa ń ka ohun tí àwọn tó wo fíìmù náà kọ sábẹ́ rẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, á sì kà á sókè. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Mo wò ó, mo tún un wò, orí ń fọ́ mi, ẹ dá dátà mi padà." Ẹlòmíràn ní òun sunkún, òun ò sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun béèrè ẹni tó ṣe férémù náà, ó gún régé. Ọ̀kan ṣoṣo yìí ló dùn mọ́ Mọ́ṣúdù nínú. Ó ní kí Àpìkẹ́ dá a lóhùn pé òun ni.

Ohun tó ba nǹkan jẹ́ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé ọkùnrin inú fíìmù ń dáhùn, ìbéèrè wá ń ya wọlé bí òjò. Mọ́ṣúdù á sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, Àpìkẹ́ á tẹ̀ ẹ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Omi kí ni? Omi kànga ni. Kí ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn? Oko Zulkifli ni. Kí ló dé tí kò sí ògiri? Wọn ò mọ ògiri. Bó bá ṣe sọ òótọ́ tó ni wọ́n ń sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ tó. Àwọn kan ń tú èsì rẹ̀ wò bí ẹni tó ń túmọ̀ àlá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ OMI KÀNGA NI sí láyà. Mọ́ṣúdù wò ó títí ó fi wọ inú ọjà lọ. Ó jókòó lórí pákó, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìbùkúnolúwa pè é pé àwọn kan fẹ́ jọ wo fíìmù náà ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Iléṣà, pé kó wá bá àwọn sọ̀rọ̀. Àpìkẹ́ rò pé yóò kọ̀. Ó gbà. Èrò ọkàn rẹ̀ ni pé bí òun bá fẹnu ara òun sọ ọ́ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, yóò tán síbẹ̀.

Wọ́n wo fíìmù náà lára ògiri, ṣùgbọ́n ìta ni Mọ́ṣúdù wà nígbà náà, ó ń kírun. Nígbà tó wọlé, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì kan, Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ti wà lórí ìdúró. Ó ní ilẹ̀kùn yẹn ni ìlú òkèèrè tí àwọn ọmọ wa ń sá lọ, omi yẹn sì ni ẹkún wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá aláṣọ kan tí wọ́n ń pè ní Susannah ní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ọkùnrin tó yọ́ lọ sílé àlè ni, obìnrin ibẹ̀ ló da omi lé e lórí. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn náà. Ó di ariwo. Wọ́n ní kí Bàbá Kápẹ́ńtà bá àwọn là á.

Mọ́ṣúdù dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ yìí ní kí n gbé ilẹ̀kùn, mo gbé e. Wọ́n da omi lé mi lórí, mo jáde. Òtútù mú mi. Ó tán."

Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì mi orí, ó yíjú sí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Òtútù mú mi. Ẹ gbọ́ o. Bí ó ṣe ń ṣe àwọn ọmọ wa lọ́hùn-ún nìyẹn."

Mọ́ṣúdù nawọ́ sí Ìbùkúnolúwa. "Ìwọ lo ṣe é. Sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wọn kí n máa lọ sílé."

"Bàbá, èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Bó ṣe wá sí mi lọ́kàn ni mo ṣe yà á."

Nínú mọ́tò tí Ìbùkúnolúwa fi sìn ín padà, Mọ́ṣúdù yíjú sí i nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Òṣogbo. Ó wá ní, "O ò mọ̀ ọ́n, o sì jẹ́ kí n máa gbèjà ẹ káàkiri."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ gbèjà mi, Bàbá."

Òótọ́ ni. Ìyẹn ló tún bí i nínú jù.

Zulkifli ló wá pè é lẹ́yìn ìyẹn, ohùn rẹ̀ le. Ó ní kó wá hú ilẹ̀kùn rẹ̀ kúrò nínú oko òun, àwọn èèyàn tó ń wá wọ inú rẹ̀ ti tẹ ẹ̀gẹ́ òun pa. Mọ́ṣúdù mú ṣọ́bìrì, ó wọ ọ̀kadà lọ sí Ìdó-Ọ̀ṣun. Èèyàn tò lọ rẹrẹ láàárín ebè, fóònù lọ́wọ́ wọn. Bí ọ̀kan bá ti wọlé tó jáde, òmíràn á wọlé. Ọmọbìnrin kan jáde tó ń nu ojú. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé, ó ní kò sí nǹkan kan. Mọ́ṣúdù lọ sí ẹ̀gbẹ́ férémù láti gbẹ́ ẹ, ọkùnrin kan sì ní, "Bàbá, ẹ tò sẹ́yìn, gbogbo wa la wà níbí ṣáájú yín."

Mọ́ṣúdù gbé ṣọ́bìrì, ó gbẹ́. Wọ́n dá a mọ̀ nígbà náà, gbogbo wọn gbé fóònù sókè. Ó hú ilẹ̀kùn náà, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù, ó gbé e sẹ́yìn, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Kó tó délé, ohun tí wọ́n yà ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó wo ìyẹn pọ̀ ju àwọn tó wo ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní apá kejì ni, òun ló sì túmọ̀ apá kìíní.

Ìbùkúnolúwa wá lọ́jọ́ kejì. Mọ́ṣúdù rò pé yóò bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni ọmọ náà ń rín, ó rín in títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Bàbá, tiyín dára ju tèmi lọ. Báwo lẹ ṣe mọ bẹ́ ẹ ṣe máa mú un yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́?"

Àpìkẹ́ ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Bàbá Kàdíjátù ò wo ti àkọ́kọ́ rí."

Ọmọ náà yanu. Kò dúró gbọ́ àwáwí kankan. Ó gbé fóònù Àpìkẹ́ lé orí tábìlì iṣẹ́, ó ti ìfági sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kó wò ó.

Mọ́ṣúdù wò ó. Ó rí ẹ̀yìn ara rẹ̀ láàárín Ọjà Ọba, bó ṣe tẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì rò fún ìgbà díẹ̀ pé baba òun lòun ń wò. Ó rí oko náà, àti bí ewé ẹ̀gẹ́ ṣe ń mì. Ó rí i tí òun dúró níwájú ilẹ̀kùn tí kò ní ilé, tí òun tún fìlà ṣe, tí òun kanlẹ̀kùn, tí òun sì dúró bí ẹni tó ń retí ohùn kan láti inú wá, kí òun tó ṣí i.

"Ta ló ní kí n kanlẹ̀kùn?" ló béèrè.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún yín," ni Ìbùkúnolúwa wí. "Mo ní kẹ́ ẹ kàn ṣí i ni."

Ó ní kí wọ́n tún un fi han òun. Wọ́n tún un fi hàn án. Àpìkẹ́ ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró tì í. Nígbà tó parí, Mọ́ṣúdù bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún lára ṣẹ́ẹ̀tì, ó ní hínjì ìsàlẹ̀ tó di ilẹ̀kùn náà mú wọ́ díẹ̀, ó sì mú ìfági rẹ̀ padà.

Ilẹ̀kùn náà ò pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin kan ní Ìdó-Ọ̀ṣun fi ṣe ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Nígbà tí Ìbùkúnolúwa wá bẹ̀ ẹ́ fún fíìmù mìíràn, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Lọ bá Zulkifli. Ó ní oko, ó ní kànga, ojú rẹ̀ sì korò tó." Ó rò pé Zulkifli máa lé e ni. Zulkifli gbà. Wọ́n ní kó gbin ṣíbí sórí ebè, kó máa bomi rin wọ́n.

Fíìmù yẹn ò tíì pẹ́ níta tí fóònù Mọ́ṣúdù fi dún láàárọ̀, nígbà tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀. Zulkifli ni, ariwo èèyàn sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Kápẹ́ńtà, wọ́n tún ti kún oko mi. Wọ́n ní kí n sọ ìdí tí mo fi gbin ṣíbí. Kí ni mo fẹ́ wí?"

Mọ́ṣúdù tẹ fóònù mọ́ etí pẹ̀lú èjìká, ó ń fá pákó rẹ̀ lọ. Ó fá a dé òpin.

"Ṣé wọ́n hù?" ló bi í.

Zulkifli ní òun ò tíì lọ wò wọ́n, ó sì pa fóònù.