Ọwọ́ Láwùmí Lórí Ọ̀pá Gíà

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbà pé kò sí tọkọtaya tó fẹ́ràn ara wọn tó Olúgbádé àti Láwùmí. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí mọ́tò kékeré aláwọ̀ eérú yẹn bá ń gun òkè Mọ́kọ́lá lọ sílé lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á rí apá ìyàwó tó nà sí ọ̀dọ̀ ọkọ, kò sì ní gbé e kúrò títí wọn yóò fi dé orí òkè. Pásítọ̀ ti fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ níbi ìgbéyàwó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. “Ẹ wo Bàbá Wándé àti ìyàwó wọn,” ni ó máa ń wí. “Ọmọ wọn ti ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n ṣì ń di ara wọn lọ́wọ́ mú.”

Òtítọ́ ibẹ̀ kò ládùn tó bẹ́ẹ̀. Gíà kejì mọ́tò náà kì í dúró. Bí Olúgbádé bá fi sí i, kò ní pẹ́ tí yóò fi fò jáde, ẹ́ńjìnnì á máa pariwo lásán, mọ́tò á sì fẹ́ máa yí padà sẹ́yìn. Olúgbádé kò mọ mọ́tò wà débi tí yóò fi ọwọ́ kan darí rẹ̀. Nítorí náà, ìyàwó rẹ̀, tó jókòó lápá òsì nítorí pé ọ̀tún ni awakọ̀ ń jókòó nígbà náà, ló ń fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ ọ̀pá gíà mọ́lẹ̀. Láti ọdún òmìnira tó ti ra mọ́tò náà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọdún 1963 bá wọn lẹ́nu rẹ̀.

Akọ̀wé ni Olúgbádé níbi tí wọ́n ti ń ra kòkó ní Dùgbẹ̀. Bódìjà ni wọ́n ń gbé. Láràárọ̀, Láwùmí á bá a sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Mọ́kọ́lá, nítorí gíà kejì náà ni wọ́n fi ń sọ̀ ọ́, títí dé ẹnu ibiṣẹ́, á wọ takisí padà sílé. Lọ́sàn-án, á tún wọ takisí lọ sí Dùgbẹ̀ láti bá a gun òkè padà. Aránṣọ ni, ó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n aṣọ wo lèèyàn lè rán parí láàárín takisí méjì?

Kò ráhùn. Bó bá ti tẹ ọ̀pá náà mọ́lẹ̀, á di ojú rẹ̀ díẹ̀. Ìkùukùu òwúrọ̀ á bo igi àti òrùlé, gbígbọ̀n ọ̀pá náà á gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gòkè dé ìgúnpá, bí ọmọ ẹyẹ tí èèyàn ká ọwọ́ mọ́. Nígbà náà ni yóò rí tábìlì gígùn kan tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé. Sísọ́ọ̀sì ń gba àárín aṣọ náà kọjá láìdún, bí ọkọ̀ ojú omi. Fèrèsé kan ṣí sílẹ̀, títì Agbówó wà níta, àwọn ọmọ Yunifásítì ń kọjá, atẹ́gùn ń fẹ́ aṣọ tó rán sí wọn lọ́rùn. Bí wọ́n bá parí òkè, Olúgbádé á ní, “Ó ti tó.” Láwùmí á gbé ọwọ́ kúrò. Fèrèsé á tì.

Agbówó kì í ṣe àlá lásán. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Sìlífátù, ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ níbẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ sì ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kàdúná. “Àga ń bẹ, ẹ̀rọ ń bẹ,” Sìlífátù wí fún un. “Ọjọ́ Ajé tí àwọn ọmọ Yunifásítì bá wọlé, tí n ò bá rí ọ, màá fún ẹlòmíràn. Àbí kí n máa sọ fún àwọn oníbàárà pé ọwọ́ aránṣọ mi há sínú mọ́tò?”

Láwùmí sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Olúgbádé fi mọ́tò gbé e lọ sọ́dọ̀ Mùkáílà, mẹkáníìkì tó wà ní Mọ́kọ́lá.

“Ọ̀nà méjì ló wà, ọ̀gá,” Mùkáílà wí, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. “Mo lè tú gíábọ́ọ̀sì yìí, kí n pààrọ̀ eyín irin inú rẹ̀ tó ti jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn eyín tó kù náà ti dàgbà. Ẹ ó tún padà wá kí mi. Ọ̀nà kejì, kí n yọ ọ́ lódidi, kí n gbé ti takisí kan tó forí sọ igi síbẹ̀. Iwájú rẹ̀ ló rún, gíábọ́ọ̀sì ò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.”

“Ti takisí?”

“Irú mọ́tò kan náà ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ti takisí ń ṣiṣẹ́.”

“Mi ò lè gbé ohun tí gbogbo awakọ̀ Ìbàdàn ti fà síwá fà sẹ́yìn sínú mọ́tò mi.”

“Tí mo bá bò ó tán, ọ̀gá, ta ló máa rí i?” Mùkáílà yíjú sí Láwùmí. “Màmá ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ kúkú ń ṣe iṣẹ́ gíábọ́ọ̀sì láti ọjọ́ yìí.”

Láwùmí rẹ́rìn-ín díẹ̀. Olúgbádé rẹ́rìn-ín jù ú lọ. “Ẹ jẹ́ kí n rò ó,” ó wí.

Ó ń rò ó. Nírọ̀lẹ́, á jókòó sí fàráńdà, á di ojú, á sì máa rí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tẹ́ lọ níwájú rẹ̀ bí ẹní. Mọ́tò ń lọ láìpariwo, àwọn èèyàn ń kí i láti ẹ̀bá ọ̀nà, ọwọ́ kan sì wà lórí ọ̀pá gíà. Nínú àlá rẹ̀, ọwọ́ náà kò ní ẹni tó ni ín. Kò bi Láwùmí rí bóyá ọwọ́ ń dùn ún. Gíábọ́ọ̀sì takisí kọ́ ló ń dí i lọ́wọ́. Ó ti gbọ́ ìwàásù Pásítọ̀ títí ó fi gbà á gbọ́. Ẹni tó mọ̀ ju gbogbo ayé lọ pé gíà ló bàjẹ́ ti wá gbà pé ìfẹ́ ni.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ọjọ́ Ajé tí Sìlífátù dá wá dé. Lẹ́yìn ìsìn, Pásítọ̀ ní kí Olúgbádé fi mọ́tò rẹ̀ gbé ìyàwó tuntun kan lọ́sẹ̀ náà, kí tọkọtaya tuntun náà lè rí ohun tí wọn yóò fara wé. Inú Olúgbádé dùn títí wọ́n fi kọjá Dùgbẹ̀.

“Mo ti pinnu,” ó wí. “Ká fi gíà yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó ti mọ́ wa lára.”

“Sìlífátù ń retí mi lọ́la, Bàbá Wándé.”

“Ta ni yóò wá tẹ gíà?”

“Ohun tí mo fẹ́ bi yín náà nìyẹn.”

Òkè Mọ́kọ́lá ti dé. Olúgbádé fi sí gíà kejì, Láwùmí sì na ọwọ́ bó ṣe máa ń nà án. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ọ̀dà títì ń yọ èéfín tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń rìn lọ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Wọ́n ń juwọ́ sí wọn. Láwùmí di ojú. Tábìlì ńlá, aṣọ funfun, fèrèsé. Ó la ojú. Wọn kò tíì dé àárín òkè.

“Ó ti tó,” ó wí, ó sì gbé ọwọ́ kúrò.

Gíà fò jáde. Ẹ́ńjìnnì ké, mọ́tò yí sẹ́yìn díẹ̀, Olúgbádé sì tẹ bíréèkì títí ó fi dúró. Láwùmí mú Bíbélì rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì ń fẹsẹ̀ gun òkè lọ sílé láìyára.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yí mọ́tò ká. “Ẹ kú ewu, Bàbá Wándé. Kí ló dé? Ẹ jà ni?”

Olúgbádé wo ọwọ́ òsì ara rẹ̀. “Gíà ni,” ó wí.

“Gíà kẹ̀?”

“Gíà ni. Ó ti pẹ́.”

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni Mùkáílà gbé ti takisí síbẹ̀. Mọ́tò ẹlòmíràn ló gbé ìyàwó tuntun. Láwùmí wà ní Agbówó. Ojú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti le ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá dúró ní òkè Mọ́kọ́lá lọ́sàn-án, ẹ ó rí ọkùnrin kan tó dá nìkan wà nínú mọ́tò aláwọ̀ eérú, tó fi ọwọ́ òsì di ọ̀pá gíà mú gírígírí títí dé orí òkè. Gíà náà kì í fò jáde mọ́. Mùkáílà ti sọ fún un pé kó fi ọ̀pá náà sílẹ̀.