Àwòrán Ìyá Àgbà Lẹ́nu Ọ̀nà

Wẹ́dà ló ní ká gbé e síta. Bí mo ṣe ń wí i nígbà náà nìyẹn, bí mo sì ṣe ń wí i títí dòní nìyẹn, àmọ́ èmi ni mo di ẹsẹ̀ àkàbà mú nígbà tó ń kan ìṣó.

Ìkìrun la wà, ní bí ọdún mélòó kan lẹ́yìn 1990, nígbà tí epo bẹntiróòlù ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà wá láàmú. Baba tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní ilé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, ibi tí wọ́n ń kó kòkó sí láyé àtijọ́. Baba ní ká máa lò ó, kí àwọn ará ìlú lè máa rí iṣẹ́ ọwọ́ wa wò. Àwa mẹ́ta la kọ́kọ́ para pọ̀: èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní yíya àwòrán ní Inísà, wẹ́dà kan, ọmọ Inísà, tó máa ń jó irin kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́ pọ̀ títí tí yóò fi di èèyàn tàbí ẹranko, àti obìnrin tẹ́lọ̀ kan láti Ìbà tó ń fi àjákù aṣọ to àwòrán. A fọ ilé náà títí ọwọ́ wa fi bó, òórùn kòkó kọ̀, kò lọ. A kun ògiri ní funfun, a wá ń pè é ní Ilé Ọnà. Àwọn awakọ̀ inú gáréèjì ń pè é ní ilé àwọn tí ò ríṣẹ́ ṣe.

Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ kó lọ síbẹ̀, ọ̀kan ló jẹ mí lógún jù: àwòrán ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, tí wọ́n ń gbé ní Òkukù. Odidi ìsinmi kan ni mo fi jókòó tì wọ́n tí mo ń yà wọ́n. Ìyá ìjọ ni wọ́n nínú ìjọ Aládùúrà. Mo ní kí wọ́n wọ aṣọ òkè wọn, wọ́n kọ̀, wọ́n wọ sùtánà funfun. Wọ́n ní èèyàn tó bá máa tẹjú mọ́ àwọn tó báyẹn, aṣọ àdúrà ló yẹ kó bá lára àwọn. Nígbà tí mo parí rẹ̀, àwòrán náà ga jù mí lọ. Wọ́n wò ó, wọ́n ní imú yẹn ti tóbi jù, ṣùgbọ́n kí n fi sílẹ̀, imú bàbá àwọn ni. Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru dá wọn dùbúlẹ̀. Dókítà kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tó máa já wọn láyà. Látìgbà náà, bí wọ́n bá ti wúkọ́ báyìí, gbogbo ilé á ti dìde.

Ọjọ́ tí a ń kó iṣẹ́ wọlé, àwòrán ìyá àgbà kò gba ibì kankan. Tí a bá gbé e sí ògiri ọ̀tún, á bo fèrèsé. Tí a bá gbé e sí òsì, kò ní sí ibi tí ẹṣin onírin wẹ́dà máa dúró sí. Wẹ́dà ní ká gbé e sára ògiri ìta, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kí àwọn tó ń wọkọ̀ ní gáréèjì lè mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí. Ó jó irin tín-ín-rín yí i ká bíi férémù, ó sì kun irin náà ní dúdú. Ó dára lójú mi.

Ní àárọ̀ Sátidé tí a ṣílẹ̀kùn, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Inú mi dùn. Àgbàlagbà kan ṣí fìlà, ó mi orí, ó ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o." Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, mo ní, "Ẹ ṣé, sà, ẹ wọlé wá wo ìyókù." Ó wò mí bí ẹni ń wo wèrè, ó kọjá lọ. Obìnrin kan ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ti ṣe àmín kí n tó ronú sí ohun tí mo ń ṣe àmín sí.

Tẹ́lọ̀ ló kọ́kọ́ yé. Ó fà mí láṣọ, ó ní, "Anti, wọ́n rò pé ìyá yìí ti kú ni o."

Ta ni ò yẹ kó ti mọ̀? Níbi tiwa lọ́hùn-ún, ta ló ń gbé àwòrán tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ síta bí kò ṣe ọlọ́fọ̀? Bí àgbà bá kú, wọ́n á wá fọ́tò rẹ̀ kan jáde, wọ́n á gbé e fún ayàwòrán kó sọ ọ́ di ńlá, wọ́n á wá gbé e sẹ́nu ọ̀nà kí ẹni tó ń kọjá lè mọ ilé tí wọ́n ti ń ṣòkú. Èmi alára, ara òkú ni mo ti ń rí owó ra ọ̀dà. Ti ìyá àgbà tún wá jẹ́ aṣọ funfun nínú férémù dúdú. Ó ku ká to àga síta.

Mo ní kí wẹ́dà gbé àkàbà wá kíá. Ó dúró, ó ń họrí.

"Obìnrin alátà kan wà níbí lẹ́ẹ̀kan," ó ní. "Ó kàn ń pariwo Ìyá Ìjọ, Ìyá Ìjọ. Ó káwọ́ lérí, ó sì bọ́ sínú ọkọ̀ Òkukù."

"Ọkọ̀ wo?"

"Ó ti lọ."

Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Mo sáré lọ sí gáréèjì. Bọ́ọ̀sì tó kàn wà níbẹ̀, èrò inú rẹ̀ ò tíì tó nǹkan, awakọ̀ sì ń jẹ ẹ̀wà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká máa lọ. Ó ní epo tí òun tò títí kí òun tó rí rà kì í ṣe èyí tí òun máa fi gbé ìjókòó lásán kiri.

"Anti, àbí òkú wà nílé ni?"

"Kò sí òkú kankan nílé!" Ariwo tí mo pa, gbogbo gáréèjì ló yíjú sí mi.

A gbéra nígbà tó wù ú. Ẹsẹ̀ mi ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ bí ẹni pé èmi ni mo ń wà á. Ní Inísà, ọkùnrin kan wọlé, ó jókòó tì mí, kò tíì rí ibi gbé ẹsẹ̀ sí tó ti ń ròyìn fún wa pé Ìyá Ìjọ kan ní Òkukù ti papò dà, pé wọ́n ti gbé àwòrán wọn síta ní Ìkìrun. Mo sọ fún un pé irọ́ ni, pé ìyá àgbà mi ni, èmi ni mo ya àwòrán náà, wọ́n wà láàyè.

"Ẹ wá yà wọ́n tóbi tó báyẹn lójú ayé wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi díẹ̀. "Ọlọ́run á gbà wá," ló wí.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó ń bà mí di méjì. Bí ìròyìn yìí bá já wọn láyà, tí nǹkan bá ṣe wọ́n, kò sẹ́ni tó máa sọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n á ní ọmọ ọmọ wọn ló fi ọ̀dà yà wọ́n pa. Ìyá mi á gbọ́. Èmi náà á gbọ́, mi ò sì mọ ohun tí mo máa fi dá ara mi lóhùn.

Láti ẹ̀gbẹ́ títì ní Òkukù ni mo ti gbọ́ ẹkún. Mo fara ti ògiri. Bàtà kún ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Mo ń pe "Jésù, Jésù", èmi tí wọ́n máa ń bá wí pé mi kì í yọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo wọlé ni mo rí i pé alátà ló ń sunkún. Ìyá àgbà jókòó lórí àga wọn, wọ́n gbé orí rẹ̀ lé itan, wọ́n ń pa á lẹ́kún.

"Wọ́n ní mo ti kú ní Ìkìrun," ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n rí mi. "Ṣé ìwọ lo mọ̀ nípa rẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀, mo gbá ẹsẹ̀ wọn mú. Àṣé mo ti ń sunkún. Wọ́n fọwọ́ kan orí mi, wọ́n ní kí wọ́n bu omi fún mi. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá parọ́ ikú mọ́, ńṣe ló ń pẹ́ láyé. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí dáadáa nígbà tí baba kan láti ilé kejì ní ó mà ṣe o, òun ti ránṣẹ́: oníṣòwò iṣu kan tó ń lọ sí Òkè Ọya ti gbéra, òun sì ti ní kó lọ sọ fún ọmọ wọn ní Kàdúnà.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá àgbà bí nìyẹn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ó yẹ kí n máa bọ̀wọ̀ fún un bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ó di ọjọ́ mìíràn. Ìgbà tó wálé kẹ́yìn, mo ṣì wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Mo fò dìde. Mo ní kí wọ́n wá alùpùpù, bóyá a ṣì lè bá oníṣòwò náà lójú ọ̀nà, pé èmi ń padà sí Ìkìrun láti lọ yọ àwòrán yẹn kí irọ́ náà má bàa tàn jù báyìí lọ. Ìyá àgbà di ọrùn ọwọ́ mi mú. Wọ́n dì í mú bẹ́ẹ̀ títí àwọn èèyàn fi jáde tán.

"Ta ló ní kí o yọ ọ́?"

"Mà, òkú ni wọ́n ń pè yín."

"Mo gbọ́. Nígbà tí àìsàn gbé mi dè, mo ránṣẹ́ sí i, ó ní òun ń bọ̀. Mo tún ránṣẹ́, ó ní òun ń bọ̀. Ẹni tó gbọ́ pé ara ìyá òun ò yá, ó lè ní ó di ọ̀la. Ẹni tó bá gbọ́ pé ìyá òun kú, á wọkọ̀ ni." Wọ́n fi ọwọ́ mi sílẹ̀. "Má yọ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì lé oníṣòwò iṣu yẹn."

Inú bí mi sí wọn, inú bí mi sí ọmọ wọn. Mo fẹ́ sọ pé a kì í fi ikú ṣeré, ṣùgbọ́n mo wo ojú wọn, kì í ṣe ojú ẹni tó ń ṣeré.

Nígbà tí mo fi máa dé Ìkìrun, wẹ́dà ti gun àkàbà, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ó bi mí pé ṣé orí mi pé. Bí a ṣe fi àwòrán náà sílẹ̀ níta nìyẹn títí àfihàn fi parí. Àwọn ọmọ iléèwé ń wá wo ẹṣin onírin, tẹ́lọ̀ ń bá àwọn obìnrin jiyàn lórí àwòrán aláṣọ rẹ̀. Èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹnì kan bá ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè," mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn: "A dúpẹ́ o, ẹ̀yìn wọn á dára." Ní ìgbà àkọ́kọ́, ahọ́n mi wúwo. Mo sì ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kó má fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi ṣe.

Àmọ́ bí ọkọ̀ Òkukù bá ti ń já èrò ni àyà mi ń já. Ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ wá bá mi, ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì ló lè gbé dání: ọmọ ti dé, tàbí ìyá ti lọ lóòótọ́. Mi ò lè fi ojú èèyàn mọ èyí tó jẹ́.

Kò sẹ́ni tó wá. Nígbà tí a palẹ̀ mọ́, mo gbé àwòrán náà sórí bọ́ọ̀sì, ó di Òkukù. Ìyá àgbà jókòó síwájú ilé, wọ́n ti dirun, wọ́n ró ìró tó mọ́, wọ́n kọjú sí títì. Nǹkan kan wà lórí itan wọn tí wọ́n fi aṣọ ìnujú ọkùnrin dì. Wọ́n ní oníṣòwò iṣu ti dé. Ó bá ọmọ wọn nílé, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún un. Ọmọ wọn sunkún, wọ́n ní ó sunkún púpọ̀. Iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó lè wá. Owó ìsìnkú ló fi rán an.

"Ó ní kí ẹ sin mí dáadáa," ni wọ́n wí.

Mo gbé àwòrán náà ti ògiri. Wọn ò wò ó.

"Ṣé ibi tí èèyàn ti lè rí i lẹ gbé e sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ̀gbẹ́ títì gan-an ni."

Wọ́n mi orí. Wọn ò tú aṣọ ìnujú náà. Wọ́n kàn ń tún kókó rẹ̀ dì.

"Kàdúnà jìnnà," ni wọ́n wí.

Mo ní, "Ó jìnnà, mà."