Ìgbà Tí Mo Lọ Yẹ Ìwádìí Àwọn Ọmọ Kọ̀ǹpútà Wò ní Ìbàdàn

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo ti dé ibùdókọ̀ ní Abẹ́òkúta, ní ọdún kẹrin lẹ́yìn òmìnira. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìbàdàn ló kọ̀wé pè mí pé kí n wà lára ẹni mẹ́ta tí yóò yẹ iṣẹ́ ìwádìí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn wò. Àwọn ọmọ náà kò tíì gboyè. Ìgbà ìsinmi ni wọ́n fi ń wádìí ọ̀rọ̀ kiri ìlú, tí wọ́n sì ń fi kọ̀ǹpútà ro iye tí wọ́n bá rí. Ẹ̀rọ ìṣirò ni kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin ará ilé. Ó tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta, páálí tí wọ́n lu ihò sí ni wọ́n sì ń fi bọ́ ọ.

Ṣílè mẹ́ta ni mo san fún bọ́lẹ̀kájà. Ọ̀dà ojú títì kò fẹ̀. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé, táyà kan a bọ́ sínú yẹ̀pẹ̀. Ní Omi-Àdìó, mo fi tọ́rọ́ jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí ata rẹ̀ ju ti ilé wa lọ. Nígbà tí mo dé Ìbàdàn, mo rí i pé bí òkúta ṣe yí ìlú tiwa ká ni páànù tó dípẹtà bo tiwọn, láti ẹsẹ̀ òkè Mápó títí dé ibi tí ojú lè rí dé. “Sé dáadáa lẹ dé?” ni wọ́n ń kí mi, ahọ́n wọn kì í yá sí “ṣ”.

Alága wa, ọ̀mọ̀wé kan tí ohùn rẹ̀ tutù, gbé ìwé ìwádìí síwájú wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ló fẹ́ fi sí ipò kìíní: wọ́n ní àwọn dé igba agbo ilé ní Bẹẹrẹ, láti mọ bí ibi tí wọ́n ti ń pọnmi ṣe jìnnà tó. Ipò ìkẹyìn ni ti ọmọbìnrin kan láti Oníyanrìn, Nímọ́tà, tí òun náà wádìí irú ọ̀rọ̀ kan náà ní Beyerunka. Agbo ilé mọ́kànlélọ́gọ́ta péré ló dé. Ẹni tó bá sì gba ipò ìkẹyìn kò ní padà sídìí ẹ̀rọ mọ́.

Mo ka ìwé àwọn ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀mejì. Nínú igba agbo ilé, kò sí ọ̀kan tí wọ́n ti lé wọn jáde. Mo wá bi ara mi pé, irú Ìbàdàn wo nìyẹn? Ti Nímọ́tà ní ilé méje tí wọ́n ti kọ̀, ó sì kọ èébú tí wọ́n bú u sílẹ̀.

Mo wọ takisí lọ sí Bẹẹrẹ. Agbo ilé márùn-ún ni mo yà sí nínú àwọn tí wọ́n kọ sínú ìwé. Ní ìkarùn-ún, bàbá kan tó ń rán bàtà awọ gbójú sókè.

“Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ̀? Kò sẹ́ni tó bi wá ní nǹkan kan.”

Bí àwọn mẹ́rin ìṣáájú ti wí náà nìyẹn. Mo kọjá sí Beyerunka. Ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sàfú rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dárúkọ Nímọ́tà.

“Ọmọ yẹn? Ó bá mi ru omi délé kó tó bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní òun fẹ́ mọ bó se ń dun ọrùn.”

Mo padà sọ́dọ̀ alága, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

“Kọ̀ǹpútà kì í purọ́, mà,” ni ó wí.

“Ẹni tó ń bọ́ ọ lè purọ́, sà.”

Kò bínú. Ó ní àwọn òyìnbó tó ń ná owó sí ètò náà, iye tó pọ̀ ni wọ́n fẹ́ rí. Bí wọ́n bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, wọn yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo àwọn ọmọ, ìbáà jẹ́ Nímọ́tà ló gba ipò kìíní. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: “Lọ́dún tó ń bọ̀, àyè méjì wà lọ́dọ̀ wa níbí fún àwọn ọmọbìnrin láti ilé-ẹ̀kọ́ yín.”

Òun àti ẹnì kẹta wa ti fọwọ́ sí ìwé ipò náà. Mo yọ gègé mi. Mo fọwọ́ sí i.

Nímọ́tà wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo jáde, ìborùn rẹ̀ funfun, eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀.

“Mo gbọ́ pé ẹ dé Beyerunka, mà.”

“Mo débẹ̀.”

“Ẹ rí i pé òótọ́ ni mo kọ?”

“Mo rí i.”

“Ẹ sì fọwọ́ sí i?”

“Mo fọwọ́ sí i.”

Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, bí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé. “Ó dàbọ̀, mà. Ọlọ́run á mú yín délé.” Ìbá sàn kó bú mi.

Nígbà tí mo ń padà, n kò ra ẹ̀kọ ní Omi-Àdìó. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò ṣòroó sọ: ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn òpùrọ́ wí, n kò mọ̀ pé ẹnìkan kò tíì fi ohun tí mo fẹ́ lọ̀ mí ni.

Nígbà tí mo wọ kíláàsì lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ mi yí mi ká. Wọ́n ní ṣé ọmọbìnrin kankan wà nídìí kọ̀ǹpútà náà. Mo ní ọ̀kan wà, Nímọ́tà lorúkọ rẹ̀, òun ló sì mọ iṣẹ́ jù nínú gbogbo wọn.

“Ipò kelòó ló gbà, mà?”

“Ìkẹyìn,” ni mo wí.

Wọ́n rò pé mo ń ṣàwàdà, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.