Fáànù Orí Òrùlé Ọkọ̀ Alhaja Nọ́ọ̀sì

“Wàsíù, wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ.”

Ohun tí Alhaja Nọ́ọ̀sì sọ lórí fóònù ní àárọ̀ Sátidé náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò pariwo, wọn kò bú mi, wọn kò tilẹ̀ dúró kí n kí wọn tán. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n mi ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ ríwáyà, ìyẹn títún iná ọkọ̀ ṣe, ní Kútọ̀ l’Abẹ́òkúta, mo sì mọ̀ pé oníbàárà tó ń pariwo kò le. Ẹni tó bá rọra sọ̀rọ̀ ni kí a máa bẹ̀rù. Mo kó irinṣẹ́ mi sínú àpò, mo gun ọ̀kadà, mo forí lé ilé wọn ní Ìbarà. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá, nítorí pé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo fọwọ́ sọ̀yà níwájú gbogbo ará ilé pé iṣẹ́ ti parí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí Alhaja jẹ́. Ọmọ àwọn tó ń ta aṣọ ní Ìtòkú ni wọ́n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n yàn láàyò, ẹ̀ka ìtọ́jú ojú ni wọ́n sì wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Gbogbo ẹbí rò pé wọn yóò wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ kí wọ́n máa gbatẹ́gùn. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí àbúrò wọn tó wà ní Amẹ́ríkà bá wọn ra ilé onítáyà kan. Irú ilé kékeré tí àwọn òyìnbó máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ bí wọ́n bá ń rìnrìn àjò ni, ó ní bẹ́ẹ̀dì, ó ní ibi ìdáná. Alhaja tú bẹ́ẹ̀dì dànù, wọ́n tú ibi ìdáná dànù, wọ́n gbé àga kan síbẹ̀ tó ṣeé dà sẹ́yìn, wọ́n lẹ pátákó álífábẹ́ẹ̀tì mọ́ ògiri. Wọ́n wá ń fi jíìpù wọn fà á lọ sí Ìtòrì, Pápáláńtò àti àwọn abà tó wà láàárín, wọ́n ń yẹ ojú àwọn àgbàlagbà wò lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń wa ọkọ̀ o. Mo ti rí awakọ̀ ọkùnrin tó ń làágùn yọ̀bọ̀ níbi tó ti ń fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rìn sẹ́yìn. Alhaja á fi ọwọ́ kan di ìbòrí wọn mú, wọ́n á fi èkejì yí sítíárìn, ilé náà á sì rọra wọlé sí ibi tí wọ́n fẹ́ kó wà.

Kí wọ́n tó lè rí inú ẹyinjú lọ́hùn-ún, inú ilé náà gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn. Wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn pa, wọ́n á wá tan tọ́ọ̀ṣì kékeré kan sí ojú aláìsàn. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí ooru ibẹ̀ yóò ti rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun kan ṣoṣo tó ń gba wọ́n ni fáànù kan tó wà nínú ihò lórí òrùlé. Ó ní ìdérí tí a ń fi ọwọ́ yí sókè, ó ní abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin, ó ní nẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀. Bátìrì ọkọ̀ ló ń lò. Fáànù yìí ló kú tí wọ́n fi pè mí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà.

Mo gun òrùlé, mo tú u. Agbọ́n ti fi ẹrẹ̀ kọ́lé sídìí abẹ̀bẹ̀, kábọ́ọ̀nù tó ń gbé iná wọ mọ́tò tó ń yí i ti jẹ tán, oòrùn sì ti jó wáyà rẹ̀ gbẹ títí ó fi ń já bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn nìyẹn. Mo họ ẹrẹ̀ kúrò, mo fi bẹntiróòlù fọ mọ́tò, mo wá kábọ́ọ̀nù ọkọ̀ kan ní Kútọ̀, mo fi fáìlì fá a títí ó fi wọ ibẹ̀ pẹ́. Mo wá kan wáyà méjì tó jáde lára mọ́tò, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun. Èyí kò lè gba ìrònú kankan lọ́wọ́ ríwáyà. Kò sí ọmọṣẹ́ kan ní gbogbo Ẹ̀gbá tí kò mọ̀ pé dúdú ni bọ́dì, ìyẹn wáyà tí a ń dè mọ́ irin ọkọ̀. Mo de dúdú mọ́ bọ́dì, mo gbé iná sórí funfun, mo tẹ súwíìṣì.

Fáànù yí fìrìfìrì. Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í dà lé wa lórí, a bú sẹ́rìn-ín. Ará ilé ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan láti wá dúró sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ṣí bọ́tìnnì ẹ̀wù. Alhaja nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

“Wàsíù, tẹ́lẹ̀ kì í fẹ́ sí wa lórí báyìí o. Ooru ni a kàn máa ń rí pé ó lọ.”

“Alhaja, ara rẹ̀ ni kò yá nígbà náà. Fáànù tí ara rẹ̀ bá dá ṣáṣá, ó gbọ́dọ̀ fẹ́ síni lára.”

Wọ́n wò mí díẹ̀. “Ó dáa. Ìwọ lo ni iṣẹ́.”

Mo dé Ìbarà ní Sátidé náà, mo bá Alhaja lẹ́nu ọ̀nà ilé onítáyà. Ọmọ wọn obìnrin, Ṣakírátù, dúró tì wọ́n. Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ìdájí ló máa ń wọ ọkọ̀ ní Kútọ̀, nítorí náà kìkì òpin ọ̀sẹ̀ ni a máa ń rí i. Mo kí wọn. Alhaja ní kí n wọlé kí n jókòó sórí àga aláìsàn. Wọ́n dà á sẹ́yìn títí mo fi ń wo òrùlé, wọ́n tan fáànù.

“La ojú rẹ. Má ṣẹ́ ẹ.”

“Alhaja, kí ni mò ń wò?”

“Wò ó ná.”

N kò tíì ka mẹ́wàá tí nǹkan fi já bọ́ sí mi lójú. Mo fò dìde, omi ń dà lójú mi wàràwàrà, ó ń ta mí bí ata. Alhaja fi omi tó mọ́ àti òwú nù ún fún mi, wọ́n rọra ṣe é bí ẹni tí inú kò bí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ní Ìtòrì, lẹ́bàá títì tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà, eruku ń rú. Bàbá àgbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Àkàní ló kọ́kọ́ jókòó. Wọ́n ti kán oògùn tó ń mú ọmọlójú fẹ̀ sí Bàbá lójú, fáànù mi sì da iyẹ̀pẹ̀ orí òrùlé lé e. Bàbá kígbe. Gbogbo àwọn tó ń dúró de ìyẹ̀wò gbọ́ igbe náà, wọ́n dìde, wọ́n gba ilé lọ.

“Wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri Ìtòrì pé ọkọ̀ màmá mi ń fọ́ni lójú,” ni Ṣakírátù wí. “Ẹnìkan fẹ́ rà á, ó fẹ́ máa ta fóònù nínú rẹ̀ ní Kútọ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbà. Wọ́n ti sin ìjọba, ó tó.”

Alhaja rẹ ohùn sílẹ̀.

“Mò ń padà lọ sí Ìtòrì ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Bí Bàbá yẹn bá kọ̀ tí kò wọlé mọ́, ẹnikẹ́ni kò ní wọlé. Ṣakírátù, nígbà náà, kí oníbàárà rẹ wá gbé e.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé ọkàn. Mo padà sábẹ́ fáànù náà. Mo fa bébà ìnujú kan ya, mo gbé e sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, fáànù tì í dànù. Ìgbà náà ni ó yé mi. Ẹni tó ṣe fáànù yìí kò ṣe é láti fẹ́ síni lára; ó ṣe é láti fa ooru inú ilé jáde. Èmi ni mo jẹ́ kó máa yí sẹ́yìn. Mo tọpa wáyà àtijọ́ dé ìdí bátìrì, mo sì rí i pé níbi tí wọ́n ti ṣe ilé náà, wáyà dúdú ló ń gbé iná, funfun ni bọ́dì. Ohun tí mo mọ̀ dájú jù lọ nínú iṣẹ́ mi ló kó mi sí wàhálà. Ó dùn mí jù pé Alhaja ti sọ ọ́ fún mi lójúkojú, mo sì fi ọ̀rọ̀ dídùn pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

“Alhaja, ẹ forí jì mí. Mo fi wáyà sódì.”

“Mo mọ̀ pé nǹkan kan sódì. N kò mọ̀ pé wáyà ni. Tún un ṣe, kí o sì tẹ̀ lé mi lọ.”

Mo pààrọ̀ wáyà méjèèjì. Mo fọ òrùlé, mo fọ nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọṣẹ, mo ha gọ́ọ̀mù tó ti gbó kúrò létí ihò náà, mo fi tuntun sí i kí òjò má baà ríbi wọlé. Alhaja tún bi mí ní ìbéèrè kan tó yẹ kí èmi ríwáyà ti bi ara mi: bí fáànù bá ń fa atẹ́gùn jáde, níbo ni òmíràn yóò gbà wọlé? A ṣí fèrèsé kan díẹ̀ lẹ́yìn aṣọ dúdú, ní apá tí kò kọjú sí títì, mo sì na nẹ́ẹ̀tì tó nípọn mọ́ ọn. Mo gbé bébà sábẹ́ fáànù lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fò kúrò lọ́wọ́ mi, ó lọ lẹ̀ mọ́ nẹ́ẹ̀tì òkè. Alhaja rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà.

Ní Ọjọ́bọ̀, a gúnlẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò kan ní Ìtòrì. Èèyàn pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n òkèèrè ni gbogbo wọn dúró sí. Bàbá Àkàní wà lórí bẹ́ǹṣì, fìlà wọn bo iwájú orí, wọn kò wo apá ọ̀dọ̀ wa. Mo rò pé Alhaja yóò lọ bẹ̀ wọ́n. Ńṣe ni Alhaja kọjú sí mi.

“Iṣẹ́ rẹ ni. Ìwọ ni kí o sọ ọ́.”

Mo lọ, mo dọ̀bálẹ̀. “Bàbá, ẹ kú ìkàlẹ̀, sà. Èmi ni mo tún fáànù yẹn ṣe. Mo fi wáyà rẹ̀ sódì, òun ló da iyẹ̀pẹ̀ sí yín lójú. Alhaja kò ṣe nǹkan kan.”

“Kí ló dé tí o fi fi í sódì?”

“Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n tán ni, sà.”

Bàbá ṣí fìlà sókè, wọ́n wò mí. “O mà gbìyànjú. Mo ti rò pé ńṣe ni wọn yóò sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ ló ṣe é. Dìde. Àwa méjèèjì la jọ ń wọlé, ìwọ ni yóò sì kọ́kọ́ la ojú sókè.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo tún ṣe jókòó sórí àga yẹn, tí àgbẹ̀ kan ń wo ojú mi bí ẹni tó ń wo ẹyin tó fẹ́ rà. Nǹkan kan kò já bọ́. Mo fi bébà sí àtẹ́lẹwọ́ Bàbá, mo ní kí wọ́n gbé e sókè. Fáànù gbà á lọ. Àwọn tó ti fẹsẹ̀ palẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà hó yèè. Bàbá ní kí n dìde fún àwọn.

Alhaja kán oògùn, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì. Èmi dúró sí kọ̀rọ̀, ara sì tù wá nínú òkùnkùn náà, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn kankan kò fẹ́ sí wa. Wọ́n yẹ ojú ọ̀tún wò, wọ́n bọ́ sí ti òsì. Níbẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Wọ́n dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èmi náà fi ń mí díẹ̀díẹ̀.

“Bàbá, ṣé ojú òsì yìí kì í dùn yín?”

“Kò dùn mí rí.”

“Àìsàn tí mo rí níbẹ̀ kì í dunni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá a kiri. Ó ti mú ìríran lọ díẹ̀ níbẹ̀, kò tíì mú gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá jókòó sílé di ọdún tó ń bọ̀, yóò ti mú méjèèjì. Mà á kọ lẹ́tà fún yín lọ sí ọsibítù l’Abẹ́òkúta, lọ́la ni kí ẹ lọ.”

Mo ronú pé bí Bàbá bá ti kọ̀ láti wọlé, wáyà méjì tí mo fi sódì ni ìbá gba ojú lọ́wọ́ wọn. N kò lè dúró níbẹ̀ mọ́; mo jáde lọ máa nu òrùlé tí mo ti nù tẹ́lẹ̀. Èèyàn ti tò sẹ́nu ọ̀nà nígbà náà. Alhaja yẹ ojú gbogbo wọn wò, wọn kò sì jẹun títí tí ẹni ìkẹyìn fi sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí Ṣakírátù pè wọ́n láti Èkó láti béèrè bí ó ti lọ, wọ́n ní kí ó sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé kó wá ibòmíràn ta fóònù.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, mo bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kan ní Kútọ̀, mo ń wá ibi tí wáyà ti já. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń pe orúkọ mi láti òdìkejì títì. Mo gbórí sókè, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí ẹni tí mo mọ̀ láàárín èrò. Ẹni náà tún pè, ó ń ju ọwọ́. Bàbá Àkàní ni, pẹ̀lú káàdì ọsibítù lọ́wọ́ wọn.

“Wàsíù! Èmi rí ọ láti ibi, ìwọ ò rí mi? Lọ jókòó sórí àga Alhaja!”

Gbogbo gáréèjì fi mí rẹ́rìn-ín. Mo sáré kọjá títì lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún gíríìsì.