Ẹ̀wà Ló Ń Kọ́kọ́ Gun Iná

Kò tíì pẹ́ tí Dàhòmẹ̀ gba òmìnira nígbà tí òyìnbó Amẹ́ríkà kan wá ń bá wa gbẹ́ kànga ní Dásà. Orí òkè ni wọ́n bí òun náà sí bíi tiwa, ó sì gbé bánjò, ohun èlò orin olókùn ìlú wọn, dání. Bó bá ń ta á, ìka rẹ̀ á máa sáré bí ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu.

Èmi náà ní orin tèmi. Mo ti ṣọmọ ọ̀dọ̀ rí ní Kútọnu, níbi tí ọ̀gá mi ti máa ń fi orin jáàsì àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà sí gramafóònù. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ń rìn jẹ́jẹ́ bí aboyún. N ò gbọ́ èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n sórí.

Lọ́jọ́ kan, mò ń kọ ọ́ nídìí ààrò, òyìnbó bá fi bánjò dá sí i. Kò bára mu rárá. Olórí akọrin ìjọ wa tó ń kọjá lọ dúró, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, kí lẹ ń sè yìí? Àdàlù?"

"Bàbá, ẹ jókòó, ẹ ó jẹ níbẹ̀."

Kò jókòó. Ó ti gbọ́ pé a fẹ́ kọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí kànga. "Bí o bá kọ orin ayé yẹn, má dé ìjókòó akọrin mọ́."

Ìjókòó yẹn ni ìyá mi ti kọrin títí tó fi kú, kí n tó jogún rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Àmọ́ àdàlù tó fi bú mi ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ta ló ń da ẹ̀wà àti àgbàdo tútù sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹ̀wà ló ń kọ́kọ́ gun iná. Bó bá rọ̀, àgbàdo á wá bá a.

Mo ní kí òyìnbó dúró ná, kí tèmi rọ̀.

"Ìyá, ó ti rọ̀?" Èdè wa lẹ́nu rẹ̀ dà bíi ti ọmọ tó ń hu eyín.

"Kò tíì rọ̀."

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí kànga, èmi nìkan kọ́kọ́ kọ ọ́ dé ìdajì. Mo wo olórí akọrin lójú, mo mi orí sí òyìnbó. Bánjò wọlé. N ò sáré, òun náà ò rọra, a sì jọ gúnlẹ̀. Àwọn obìnrin sọ garawa kalẹ̀, ijó ló kù.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹlòmíràn ti wà ní ìjókòó ìyá mi. Mo lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá. Wọ́n dá orin, mo jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀, mo wá gbé ohùn tèmi lé e. Olórí akọrin yíjú padà wò mí.

Mò ń kọ ọ́ lọ.